Kí Ẹ Tó Tẹ Ìwé Ìrántí Màmá

Peckham, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá Ìbejì,

Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ka ìwé ìrántí ọdún kan Màmá tí ẹ fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp, mo kà á títí mo fi kọjá ibi tó yẹ kí n ti bọ́ sílẹ̀. Fọ́tò iwájú dáa gan-an. Ìtàn ìgbésí ayé wọn ni kò tẹ́ mi lọ́rùn, ẹ má bínú sí mi. Ìlà mẹ́rìnlá ni, Bàbá ló sì ni mẹ́wàá níbẹ̀: ọdún tí wọ́n wọ iṣẹ́ ṣójà, ọdún tí wọ́n kó wa dé Arnold Barracks ní Àpápá, ọdún tí wọ́n di sájẹ́ǹtì. Màmá wá "jẹ́ aya rere àti ìyá rere". Ìyá ta ni kì í jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé òkú?

Mo bẹ̀ yín, ẹ ní kí àwọn atẹ̀wé ṣì dúró ná.

Ṣé ẹ rántí ìgò bíà tó máa ń wà lábẹ́ tábìlì wa, nínú ilé tí ẹnikẹ́ni kì í ti í mutí? Ọjọ́ tí pásítọ̀ rí i, ojú ti Bàbá, ẹ̀rín ni Màmá ń rín. Òṣùwọ̀n Màmá ni ìgò náà. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti jẹ́ mínísítà ìlera, láti 1985 sí 1992, wọ́n ń kọ́ àwọn ìyá láti po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru: omi ìgò bíà ńlá kan, tàbí ìgò mínírà méjì, ṣúgà oníhóró márùn-ún, tàbí ṣíbí ìmutíì mẹ́wàá, iyọ̀ ṣíbí kan péré. Màmá kì í jẹ́ kí iyọ̀ yẹn ga lórí ṣíbí. Ẹ̀yìn ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń gbá a tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á tọ́ omi náà wò, wọ́n á ní kò gbọdọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ. Wọ́n á wá gbé ìgò sínú báàgì, ó di Boundary, ó di inú Ajégúnlẹ̀ lọ́hùn-ún, lọ́dọ̀ Íjọ̀, Ùròbò, Ìgbò, Ìlàjẹ. Pijin bárékè ni wọ́n fi ń bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀. Ta ló san kọ́bọ̀ fún wọn?

Ẹ sì rántí Oṣù Kẹjọ 1990, tí àwọn ọmọ ogun ECOMOG wọ Monrovia ní Liberia, tí Bàbá bá wọn lọ. Bí mọ́tò ọ́físà bá ti dúró níwájú búlọ́ọ̀kù, gbogbo ìyàwó ṣójà á dákẹ́ lọ́ọ́, kálukú á máa wò ó bóyá ẹnu ọ̀nà tòun ni. Tí kì í bá ṣe tiwa, Màmá á ti gbé ìkòkò kaná fún ẹni tó kàn.

Nígbà tí ìpolongo lòdì sí àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ dé ní 1996, àpótí yìnyín ni wọ́n tún gbé kọ́ èjìká. Wọ́n á kán oògùn sí ọmọ lẹ́nu, wọ́n á fi yíǹkì kun èékánná ìka kékeré rẹ̀, wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sára ilẹ̀kùn. Èmi jí yíǹkì yẹn kun gbogbo èékánná mi, ìgbájú ni mo gbà! Ní 25 Oṣù Kẹjọ 2020, wọ́n kéde pé àrùn náà, irú èyí tí kò ti ara àjẹsára wá, ti tán ní Áfíríkà. Lọ́dún kejì sí i, 2022, wọ́n rí kòkòrò irú èyí tó ti ara àjẹsára wá nínú omi ìdọ̀tí Lọ́ńdọ̀nù níbí, ni wọ́n bá ń pe àwọn ọmọ ọdún kan sí mẹ́sàn-án pé kí wọ́n wá gba àjẹsára sí i. Mo mú ọmọ mi lọ. Mo kàn ń wo èékánná rẹ̀ ṣáá ni.

Gbogbo ayé mọ Maryam Babangida tó dá Better Life sílẹ̀ ní 1987, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n NAOWA tí òun náà wà, ẹgbẹ́ àwọn ìyàwó ọ́físà nìkan ni. Màmá tó jẹ́ ìyàwó sájẹ́ǹtì kò lè wọ̀ ọ́. Kò sí ọ́fíìsì kankan tí ìwé iṣẹ́ wọn wà. Ẹnu àwọn ìyá Ajégúnlẹ̀ nìkan ló kù, àwọn náà sì ti ń dàgbà.

Nítorí náà, owó kúlà àti ike ìrántí tí ẹ ní kí n fi ránṣẹ́, mo ti fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ dín kúlà kù. Ẹ wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Boundary láàárọ̀ Sátidé, kí tírélà tó dí ọ̀nà. Ẹ béèrè àwọn tó mọ "Ìyá Ṣójà". Ẹ tan fóònù sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ ní pijin wọn, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ má tún un ṣe. Bí wọ́n bá ní Màmá le, pé wọ́n ń jágbe mọ́ ẹni tí ṣíbí rẹ̀ bá kún jù, ẹ fi sí i, òótọ́ ni.

Ìgò yẹn ńkọ́, ṣé ọwọ́ Àǹtí ló wà? Ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n má gbé e fún àwọn tó ń ra ìgò.

Èmi ni,
Àbúrò yín.