Ọbẹ̀dò Tí À Ń Ha Dànù, Òun Ló Lè Gba Omi Wa Sílẹ̀!

Nígbà tí mo wà nílé-ìwé girama, bí mo bá ti pẹ́ dé, wọ́n á ní kí n lọ ha ọbẹ̀dò kúrò lára táǹkì omi. Mo ha á títí ó fi sú mi! Ta ni ìbá sọ fún mi nígbà náà pé ohun tútù tó ń yọ̀ bí ilá yẹn níṣẹ́ gidi lọ́wọ́?

Mo wọ mọ́tò ní Mayfair, nílé-Ifẹ̀ níbí, mo sọ̀ ní Òṣú, mo gun ọ̀kadà wọ Ìtagunmodì, níbi tí wọ́n ti ń wa góòlù. Háà! Kòtò lọ́tùn-ún, kòtò lósì, láàrin igi kòkó. Wọ́n á fọ erùpẹ̀ nínú omi, omi náà á sì máa ṣàn lọ. Ó pọ́n bíi tíì onímílíìkì.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọ̀ omi nìkan o. Ní 2010, ní Zamfara, òjé tó jáde lára òkúta góòlù tí wọ́n ń lọ̀ láàrin ilé pa ọmọdé tó tó 400, ó kéré tán. Ní oṣù kẹjọ 2022, lásìkò ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo gan-an, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má mu omi odò Ọ̀ṣun. Omi tí àwọn ènìyàn ń gbé kẹ́ẹ̀gì lọ bù fún ìwòsàn!

Báwo wá ni ọbẹ̀dò ṣe kàn án? Ara ọbẹ̀dò máa ń fa òjé àtàwọn irin olóró mìíràn mọ́ra, bí ẹni pé gọ́ọ̀mù wà lára rẹ̀. Kódà, èyí tó ti kú tó sì gbẹ ṣì ń mú un. Omi ibi ìwakùsà mìíràn sì wà tó ń kan bí ọsàn wẹ́wẹ́. Bí ọbẹ̀dò bá ń yá oòrùn nínú rẹ̀, kíkan náà á máa rọlẹ̀, àwọn irin kan á dì, wọ́n á rì sísàlẹ̀.

Wàhálà ibẹ̀ nìyí: ọbẹ̀dò kò lè yè láìsí oòrùn, oòrùn kò sì lè wọ inú omi tó ki bí ògì. Àfi kí wọ́n kọ́kọ́ sé e sí kòtò lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń fọ góòlù, kí ó tòrò, kí ọbẹ̀dò tó wọ̀ ọ́. Bó bá ti dé odò ńlá, ó ti bọ́ lọ́wọ́ wa nìyẹn.

Mo rò ó fún ìyá àgbà kan létí omi. Wọ́n wò mí.

“Ọmọ mi, bí ọbẹ̀dò bá jẹ májèlé tán, ta ni yóò wá kó ọbẹ̀dò?”

Ẹnu mi wọhò. Òótọ́ ni ìyá sọ. Bó bá jẹrà síbẹ̀, oró yẹn á tún padà sínú omi. Wọ́n gbọ́dọ̀ máa kó o jáde, kò sì gbọdọ̀ di ajílẹ̀ oko ẹ̀fọ́ ẹnikẹ́ni. Owó ni gbogbo ìyẹn. Lójú tèmi o, ẹni tó ń kó góòlù lọ ni kó san án.

Kí n tó dìde, ọmọọmọ ìyá ti Òṣú dé, ó ru omi inú ọ̀rá, báàgì kan, sórí. Odò sì nìyẹn, ẹsẹ̀ bí ogún péré sí ẹnu ọ̀nà wọn.