Iṣẹ́ Tí Wọ́n Rán ECOMOG sí Làìbéríà

Bí a bá rán ọmọ níṣẹ́, àbọ̀ là ń retí.

Ní ọdún 1990, ìyá kan wà ní àdúgbò wa tí ọmọ rẹ̀ jẹ́ sójà. Nígbà tí wọ́n kó ọmọ náà lọ sí Làìbéríà, kò sí ìròyìn rédíò tí ìyá yìí kì í gbọ́. Bí a bá yà kí i lẹ́yìn àsàlátù, ìbéèrè kan náà ló máa ń bi wá: “Ẹ̀yin ọmọ mi, kí ni wọ́n ní kí wọ́n lọ ṣe níbẹ̀? Ṣé wọ́n ti ṣe é tán?” Ní 1992, ọmọ náà kú sójú ogun. Ìyá kò dẹ́kun ìbéèrè rẹ̀, àwa ọ̀dọ́ ìgbà náà kò sì rí èsì fún un. Ẹ jẹ́ kí a dá a lóhùn lónìí.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1989 ni Charles Taylor gbé ogun wọ Làìbéríà. Sójà Ààrẹ Doe ń pa ẹ̀yà Gio àti Mano. Àwọn ọmọ ogun Taylor ń pa ẹ̀yà Krahn àti Mandingo, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn Mandingo jẹ́ Mùsùlùmí bíi tiwa. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1990, ECOWAS ṣèpàdé ní Banjul, wọ́n sì ka iṣẹ́ mẹ́ta sílẹ̀: kí ìjà dúró, kí ìjọba fìdíhẹ wà, kí ìbò tí kò lẹ́jọ́ nínú wáyé. Lọ́jọ́ 24 oṣù náà ni ECOMOG gúnlẹ̀ sí Monrovia.

Ṣé ìjà dúró? Rárá o. Kò pé oṣù kan tí wọ́n fi mú Doe ní ibùdó ECOMOG gan-an, tí wọ́n sì pa á. Taylor tún kọlu Monrovia ní 1992. Ṣùgbọ́n ECOMOG lé e sẹ́yìn, ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn tó sá wọ ìlú náà sì rí ibi forí pamọ́ sí. Èyí kì í ṣe ohun kékeré.

Ìjọba fìdíhẹ wà, àmọ́ agbára rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ kọjá Monrovia. Ìbò wáyé ní 1997, Taylor tí wọ́n ń bá jà ló wọlé. Ní 1999, ogun tún bẹ́ sílẹ̀. Ní 2003, Taylor sá wá sí Nàìjíríà, sójà wa sì tún padà sí Monrovia. Iṣẹ́ tó bá parí, a kì í padà lọ ṣe é.

Ó ku èyí tí ojú ń tì wá láti sọ. Àwọn kan nínú sójà kó ẹrù ẹlẹ́rù, débi pé àwọn ará Làìbéríà fi orúkọ ECOMOG ṣe yẹ̀yẹ́, pé ohunkóhun tó bá ti lè gbéra nílẹ̀ ni wọ́n ń gbé lọ. Bí a bá ń dá Amẹ́ríkà lẹ́jọ́ lórí Iraq, a kò gbọdọ̀ fi òṣùwọ̀n mìíràn wọn tiwa. Ẹ̀sìn wa ní kí a jẹ́rìí òdodo, ìbáà ta bá àwa fúnra wa.

Nítorí náà, ìyá wa, èsì wa rèé: ọmọ yín wà lára àwọn tó gba ẹ̀mí là, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ṣòfò. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n rán an kò parí. Nígbà mìíràn tí ìjọba bá fẹ́ rán ọmọ ọlọ́mọ lọ sójú ogun, kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún wa bí a ó ṣe mọ̀ pé iṣẹ́ náà ti parí.

Kí Allah forí jin ọmọ náà, kó sì tu ìyá rẹ̀ nínú. Àmín.