Ohùn Inú Àpótí Àtijọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Kì í ṣe ohun gbogbo tí ó bàjẹ́ ni ó ti kú. Ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn ènìyàn ń kó dà sí ààtàn ni ó ṣì ní iṣẹ́ láti ṣe, bí ó bá bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí ó mọ iyì rẹ̀. Irú rẹ̀ ni sípíkà àtijọ́, èyíinì ni àpótí tí ohùn giramafóònù tàbí ti rédíò ń gbà jáde.

Ní ọdún 1954, Edgar Villchur àti Henry Kloss dá ilé-iṣẹ́ Acoustic Research sílẹ̀ ní ìlú Cambridge, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ní Amẹ́ríkà. Ṣáájú ìgbà náà, àpótí ńláńlá ni a nílò kí ohùn ìlù tí ó rinlẹ̀ tó lè jáde dáradára. Villchur dá ọgbọ́n kan sí i. Ó dí àpótí kékeré pinpin, ó sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ máa ti bébà sípíkà padà sí àyè rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti fi ìka dí ẹnu páǹpù kẹ̀kẹ́ rí, tí ó sì tẹ̀ ẹ́, yóò mọ bí afẹ́fẹ́ tí a sé mọ́ ti í ta ọwọ́ padà. Báyìí ni àpótí kékeré ṣe bẹ̀rẹ̀ sí dún bí ńlá. Èyí tí wọ́n pè ní AR-3a, tí ó jáde ní ọdún 1967, wà lára àwọn tí ó lókìkí jù lọ.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ń pa wọ́n. Inú sípíkà ni bébà líle kan wà tí ó rí bí àrọ. Fóòmù ni a fi yí etí bébà náà ká nínú ọ̀pọ̀ wọn. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ọ̀rinrin àti afẹ́fẹ́ a máa jẹ fóòmù yìí títí yóò fi máa rún bí búrẹ́dì gbígbẹ. Nígbà náà ni afẹ́fẹ́ yóò rí ọ̀nà jáde, ohùn ìlù yóò sì dákẹ́. Ẹni tí ó ni ín yóò rò pé ó ti kú, yóò gbé e sí ẹ̀bá ọ̀nà fún àwọn akólẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni òòfà rẹ̀, wáyà rẹ̀ àti bébà rẹ̀ lè wà láìlábùkù.

Ọkùnrin kan wà ní ìpínlẹ̀ náà tí ó fi àtúnṣe wọn ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Ó ń rà wọ́n ní gbàǹjo ẹrù olóògbé, ó sì ń ṣa àwọn mìíràn ní ẹ̀bá ọ̀nà. Yóò yọ fóòmù jíjẹrà kúrò, yóò fi sípíríìtì nu gọ́ọ̀mù àtijọ́, yóò sì lẹ fóòmù tuntun. Lẹ́yìn èyí ni yóò fi bébà oníyanrìn ha àpótí rẹ̀, tí yóò sì fi òróró pa igi náà lára títí yóò fi máa dán.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti le jù ni ti wáyà tín-ín-rín tí a ká sí ìdí bébà. Àyè tóóró ni wáyà yìí wà láàárín òòfà. Bí ó bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí, yóò máa ha ara irin. Nítorí náà ni ọkùnrin yìí ṣe ń fi iná díẹ̀ ránṣẹ́ sí i kí bébà náà máa mì ní ìgbà 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí yóò sì dẹ etí sí i kí gọ́ọ̀mù tó gbẹ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, oníbàárà kan dúró tì í pẹ̀lú owó lọ́wọ́. Ojú ń kán an, kò jẹ́ kí gọ́ọ̀mù gbẹ dáradára, ó sì tà á. Kò pẹ́ tí oníbàárà náà fi gbé e padà. Sípíkà náà ń dún bí ẹni tí ń fi ṣíbí ha ìdí ìkòkò.

Oníbàárà náà kò pariwo. Ohun tí ó sọ kò ju èyí lọ: “Ọ̀gá, irú èyí ni bàbá mi ní kí ó tó kú. Orin rẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́.”

Ọkùnrin náà dá owó rẹ̀ padà, ó sì tú sípíkà náà wò. Wáyà náà ti ha títí ó fi já. Ohun tí ogójì ọdún kò lè bàjẹ́, ìkánjú ọjọ́ kan ṣoṣo bà á jẹ́.

Láti ọjọ́ náà, kò jẹ́ ta sípíkà kan láìjẹ́ pé ó ti gbọ́ ọ fún odidi ọjọ́ méjì. Ó sì ń kọ gbogbo ohun tí ó pààrọ̀ sínú ìwé fún ẹni tí ó bá rà á, a sì máa kó àwọn ohun àtijọ́ tí ó yọ kúrò fún un pẹ̀lú. Àwọn mìíràn ń bo àtúnṣe mọ́lẹ̀, wọ́n ń pe tuntun ní àtijọ́, wọ́n sì ń pa owó jù ú lọ. Lóòótọ́ ni wọ́n ń sọ pé òtítọ́ dé ọjà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Àpótí dídán a máa tan ojú jẹ. Etí ni yóò sọ bí iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ti rí.