Ohùn Màmá Àgbà Nínú Ẹ̀rọ Bàbá Mi

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú ẹbí wa. Ní ọdún 1991, Bàbá mi gba ohùn ìyá rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì, bí ó ti ń ki oríkì ìdílé wa ní ẹ̀yìnkùlé. Àwọn méjèèjì ti di ẹni àná báyìí. Nítorí pé èmi ni mo kọ́ ẹ̀kọ́ èdè Yorùbá ní yunifásítì, ẹbí gbé iṣẹ́ lé mi lọ́wọ́ pé kí n kọ oríkì náà sílẹ̀, kí a lè tẹ̀ ẹ́ ní ìwé pélébé fún àwọn ọmọ.

Mo kọ ọ́ dé ibì kan, ọwọ́ mi dúró. Ṣé “ọmọ onílù” ni Màmá Àgbà wí ni, àbí “ọmọ onílùú”? Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀nà jìn láàrin ẹni tí ń lùlù fún ọba àti ẹni tí ó ni ìlú. Ẹ̀gbọ́n Bàbá mi fọwọ́ sọ̀yà pé onílùú ni. Wọ́n ní kò sí ẹni tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Àyàn nínú ilé wa. Mo bọ̀wọ̀ fún àgbà, mo kọ onílùú. Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀, nítorí pé inú fáwẹ́lì ìkẹyìn, tí ohùn rẹ̀ yẹ kí ó lọ sókè, ni gbogbo ìyàtọ̀ náà wà, ibẹ̀ gan-an sì ni n kò ti gbọ́ ọ dáadáa.

Ọ̀rẹ́ mi kan ti bá mi da ohùn inú kásẹ́ẹ̀tì náà sínú fóónù. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tí ó wà ní Jámánì gbọ́ nípa ìṣòro mi, ó fi hẹ́ẹ̀dífóònù rẹ̀ kan ránṣẹ́ sí mi, Beyerdynamic DT 880. Mo kì í bọ fóónù, mo yí ohùn dé òpin, síbẹ̀ ńṣe ni Màmá Àgbà ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó wà ní òdìkejì odò. Mo rò pé ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́ lọ́nà. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín nígbà tí mo pè é.

“Wo ara páálí rẹ̀ dáadáa. Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?”

Mo wò ó. Òhm 600 ni.

Òhm ni a fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà tó. Ọ̀pọ̀ èyí tí a ń kì bọ fóónù kò ju òhm 16 tàbí 32 lọ. Nínú tèmi, wáyà tín-ín-rín ni wọ́n ká lọ́pọ̀ ìgbà, kí ohun tí ń mì nínú rẹ̀ lè fúyẹ́. Irú wáyà bẹ́ẹ̀ kò béèrè iná púpọ̀. Agbára tí ń ti iná, èyí tí a ń fi fóltì wọ̀n, ni ó ń béèrè, bí omi tí ó fẹ́ gba ọrùn akèrègbè tóóró kọjá ṣe nílò ohun tí yóò tì í. Ọ̀pọ̀ fóónù kì í fúnni ju nǹkan bíi fóltì kan lọ. Bí a bá fi fóltì kan sọ òhm 600 dí iṣẹ́, agbára tí yóò dé etí kò tó mílíwáàtì méjì.

“Ẹ̀rọ orin Bàbá ńkọ́?” ni ẹ̀gbọ́n mi béèrè.

Ẹ̀rọ náà wà ní pálọ̀. Aṣọ funfun ni Màmá mi fi bò ó láti ọjọ́ tí Bàbá ti kú, ẹnikẹ́ni kì í sì í fọwọ́ kàn án. Nígbà tí wọ́n rí i tí mo ń ká aṣọ náà, wọ́n dìde dúró.

“Ṣé o fẹ́ kí ẹ̀rọ Bàbá rẹ jóná ni?”

“Rárá, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi gbọ́ ohùn Màmá Àgbà.”

Wọn kò dáhùn. Wọ́n kàn jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi.

Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ orin àtijọ́ bíi ti Bàbá, ibi tí agbára gbohùngbohùn ńlá ti ń wá náà ni ihò hẹ́ẹ̀dífóònù ti ń gba tirẹ̀. Wọ́n kàn fi ohun ìdènà kan sáàárín ni. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ẹ̀rọ kan lè fúnni ní fóltì 20, kí ìdènà náà sì jẹ́ òhm 400. Hẹ́ẹ̀dífóònù òhm 600 yóò gba fóltì 12 nínú rẹ̀, èyí tí í ṣe mílíwáàtì 240. Ṣùgbọ́n èyí tí ó jẹ́ òhm 32 kò ní rí ju fóltì kan àti ààbọ̀ gbà, ìdènà náà sì lè yí adùn ohùn rẹ̀ padà. Ohun tí fóónù kò lè gbé, ẹ̀rọ àgbà ni ó mọ̀ ọ́n gbé.

Agbára yìí náà ni ó yẹ kí a bẹ̀rù. Mo yí ohùn sí òdo pátápátá kí n tó ki ohunkóhun bọ ihò. Mo fi wáyà so fóónù mọ́ ojú AUX, n kò so ó mọ́ PHONO, nítorí pé ti àwo rẹ́kọ́ọ̀dù nìyẹn, ó sì máa ń gbé ohùn ga ní àgbékọjá. Lẹ́yìn náà ni mo wá ń yí ohùn sókè díẹ̀díẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ohùn tí ó bá wà ní dẹ̀sìbẹ́ẹ̀lì 80 ṣeé gbọ́ fún wákàtí 40 láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Bí ó bá di 90, wákàtí mẹ́rin péré ni. Etí tí a bá fi wá ọ̀rọ̀ àwọn baba wa kò gbọdọ̀ di adití nítorí rẹ̀.

Ariwo kásẹ́ẹ̀tì náà ga sí i, n kò ní purọ́. Agbára kì í fọ ohùn mọ́. Ṣùgbọ́n Màmá Àgbà ti kúrò ní òdìkejì odò. Mo gbọ́ èémí wọn, mo gbọ́ adìyẹ tí ń ké lẹ́yìn wọn. Mo dé ibi tí mo ń wá. Mo tún un gbọ́ nígbà mẹ́wàá. Ohùn wọn lọ sílẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀. Kò gòkè mọ́. Onílù ni.

Mo fi hẹ́ẹ̀dífóònù náà lé Màmá mi létí. Wọ́n tẹ́tí fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú wọn. “Wọ́n ń pè mí! Wọ́n ní, ‘Ìyàwó, bá mi lé adìyẹ yìí.’” N kò tilẹ̀ fiyè sí gbólóhùn náà tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Màmá kò fi aṣọ bo ẹ̀rọ náà mọ́.

Mo pe ẹ̀gbọ́n Bàbá mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Mo ṣàlàyé pé oríkì kì í tọ ẹ̀yìn bàbá nìkan; ó lè jẹ́ pé láti ìdí ìyá kan ni ìlù ti wọ ilé wa, kí orúkọ Àyàn má sì bá a wọlé. Wọ́n dákẹ́ pẹ́.

“Màá wá ní Sátidé,” ni wọ́n wí. “Etí ara mi ni màá fi gbọ́ ọ.”

Mo ti pa fáwẹ́lì kan rẹ́ nínú ìwé náà. Ohun tí mo kàn ń bẹ Ọlọ́run fún ni pé kí iná wà ní Sátidé.