Ọmọ ní òun fẹ́ẹ́ wo ẹyin ẹyẹ, ni bàbá ẹ̀ bá rántí ohun tójú ẹ̀ rí lọ́mọdé

Bí wọ́n bá sọ fún èèyàn pé nítorí ẹyin ẹyẹ, bàbá kan pariwo mọ́ ọmọ ẹ̀, ó sì tún lọọ dọ̀bálẹ̀ bẹ ìyá onílé ẹ̀, onítọ̀hún lè ní ọ̀rọ̀ náà kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ ìdí ẹ̀ á mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín rárá. Akọ̀wé ni ọkùnrin náà nílé-iṣẹ́ kan n'Ìbàdàn. Yàrá méjì ló háyà, òun, ìyàwó ẹ̀ àti ọmọkùnrin wọn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ni wọ́n jọ ń gbébẹ̀.

Igi máńgòrò kan wà lẹ́yìnkùlé wọn. Lọ́jọ́ Sátidé kan, lásìkò tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọmọ náà sáré wọlé, ó ní, "Dádì, ẹyẹ kan ti yé sórí máńgòrò o! Ẹ bá mi gbé àkàbà, mo fẹ́ẹ́ mọ irú ẹyin tó jẹ́."

Bàbá tó ń ka ìwé ìròyìn ẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ fò dìde bí ẹni tí iná jó. "Má gun ún! Má débẹ̀ rárá!"

Ẹnu ya ọmọ. Ó ní, "Dádì, mi ò ní í fọwọ́ kàn án o, mo kàn fẹ́ẹ́ wò ó ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló gún bàbá náà lọ́kàn. Ohun tí òun alára sọ nìyẹn nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá lábúlé ìyá ẹ̀. Igi ọsàn ló gùn lọ́jọ́ náà. Àdàbà tó sàba síbẹ̀ fò lọ, ó rí ẹyin méjì tó funfun báláú, kò sì fọwọ́ kan ọ̀kankan. Ó kàn dúró síbẹ̀, ó ń wò wọ́n, inú ẹ̀ ń dùn. Àdàbà kò lè padà wá, nítorí pé èèyàn wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀. Bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ báyìí ni kannakánná kan já wá, ó gbé ẹyin kan lọ. Kí ọmọ tó rí òkò sọ, ó ti padà wá gbé èkejì. Lọ́jọ́ kejì, àdàbà náà wá bà sórí ẹ̀ka yẹn, ó ń ké. Ọkùnrin yìí kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí tó fi dàgbà, tó gbéyàwó, tó sì bímọ.

Àṣé ọ̀rọ̀ náà nídìí. Ọ̀pọ̀ ẹyẹ tó ń yé sí gbangba, ẹyin wọn máa ń ní àmì tó-tò-tó lára, kí ọ̀tá má baà tètè rí i. Àwọn tó ń yé sínú ihò igi, bíi àkókó, funfun ni tiwọn, nítorí pé ihò ti bo àṣírí wọn. Àdàbà ní tiẹ̀, gbangba ló ń yé sí, ẹyin ẹ̀ sì funfun. Ara ẹ̀ ló fi ń bò ó. Bí akọ bá dìde, abo á jókòó. Bí abo bá fẹ́ẹ́ lọọ jẹun, akọ á gbà á. Ẹni tó bá lé e dìde, tí kò sì tètè kúrò níbẹ̀, ilẹ̀kùn ló ṣí sílẹ̀ fún olè yẹn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń sọ pé bí wọ́n bá fọwọ́ kan ẹyin ẹyẹ, ìyá ẹ̀ á gbóòórùn ọwọ́, á sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Òórùn ọwọ́ kọ́ ni wàhálà ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn, ìyọlẹ́nu ni. Ẹyẹ tí wọ́n bá ń lé dìde lemọ́lemọ́ lè gbà pé ibẹ̀ kò fararọ mọ́, kó sì sá lọ pátápátá. Ewé tí èèyàn ya àti koríko tó tẹ̀ mọ́lẹ̀ náà lè jẹ́ kí ọ̀tá tètè rí ìtẹ́ tó ti fara pamọ́ tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, "mi ò fọwọ́ kàn án" kò tíì gba èèyàn sílẹ̀.

Bàbá náà fa ọmọ ẹ̀ mọ́ra, ó ní àwọn á mọ ẹyẹ náà, àmọ́ láti ojú fèrèsé ni. Ó ní kó mú ìwé àti bírò. Ohun mẹ́rin ló ní kó máa wò: ibi tí ìtẹ́ wà, ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ, bó ṣe rí, àti ẹni tó ń wọlé tó ń jáde níbẹ̀. Ó ní ti ẹyin ló gbẹ̀yìn, bí wọn kò bá tiẹ̀ rí i, kò ba nǹkan kan jẹ́. "Ṣé tó o bá fẹ́ẹ́ mọ onílé, yàrá ẹ̀ lo máa já wọ̀ ni? Ìta lo máa dúró sí. Bó bá dé, wàá rí i."

Ọmọ kọ ọ́ sílẹ̀: orí ẹ̀ka, igi wẹ́wẹ́ tí wọ́n kàn tò léra wọn bíi tẹni tó ń kánjú, pẹrẹsẹ bí àwo, ó sì fẹ́lẹ́ débi pé ìmọ́lẹ̀ ń gba àárín ẹ̀ kọjá. Kò pẹ́ tí onílé fi ké, ohùn ẹ̀ sì tú àṣírí ẹ̀. Àdàbà ni. Kò sẹ́ni tó gun igi.

Látọjọ́ náà ló ti ń kọ́ ọ ní tàwọn yòókù bí wọ́n bá jọ jáde. Ìtẹ́ tí wọ́n fi amọ̀ mọ sábẹ́ òrùlé tàbí sábẹ́ afárá, alápàńdẹ̀dẹ̀ ni kó kọ́kọ́ rò. Ihò róbótó lára igi tó ti kú, ó lè jẹ́ ti àkókó. Ìtẹ́ ńlá tí wọ́n fi koríko kọ́ bí bọ́ọ̀lù sínú igbó dídí, tí ẹnu ọ̀nà ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti elúlùú. Ti àparò kò sí lórí igi rárá, ilẹ̀ ló ń yé sí, ìdí nìyẹn tí ọmọ fi gbọ́dọ̀ máa wo ibi tó ń gbẹ́sẹ̀ lé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le ni ti ọ̀pẹ iwájú ilé. Ẹ̀gà ló kún orí ẹ̀ fọ́fọ́. Wọ́n ti ya imọ̀ ọ̀pẹ náà jálajàla láti fi kọ́lé, ariwo wọn kì í sì í jẹ́ kí ìyá onílé sùn lọ́sàn-án. Ìyá ti bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan sọ ọ́ pé kó wá fi àdá gé gbogbo ìtẹ́ náà bọ́ sílẹ̀.

Òru ọjọ́ tó ṣáájú ni ìjì jà, tí ìtẹ́ mẹ́ta já bọ́. Láàárọ̀, ọmọ ń ṣa ẹyin fífọ́ nílẹ̀: ọ̀kan funfun, ọ̀kan dà bí àwọ̀ ojú ọ̀run, ìkẹta ní àmì tó-tò-tó lára. Ó ní, "Dádì, oríṣi ẹyẹ mẹ́ta ló ń gbébẹ̀!"

Ẹ̀gà nìkan ni. Abo kọ̀ọ̀kan ló ní irú ẹyin tiẹ̀, bẹ́ẹ̀ láá sì máa yé e jálẹ̀ ayé ẹ̀. Ẹyẹ ọ̀lẹ kékeré kan wà, ẹ̀yìn ẹ̀ ń dán bí ewé, kì í kọ́lé, ilé ẹ̀gà ló máa ń yọ́ yé sí. Ẹ̀gà tó bá dá ẹyin tiẹ̀ mọ̀ á ju ti àlejò síta. Ẹ̀gà mọ ẹyin ẹ̀, àmọ́ èèyàn tó bá ní ẹyin nìkan lòun máa fi mọ ẹyẹ, á ṣìnà.

Bàbá kó ẹyin fífọ́ náà sínú àwo, ó gbé e lọ bá ìyá onílé, ó dọ̀bálẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù fún wọn. Ọmọ ló wà nínú àwọn ilé yẹn. Bí wọ́n bá ti fò tán, ẹ lè gé e."

Ìyá ní, "Akọ̀wé, ṣé ẹ̀gà ń sanwó ilé fún mi ni?"

Ó ní rárá o. Ló bá sọ fún ìyá pé nínú mọ̀lẹ́bí ẹ̀gà yìí kan náà, ọ̀kan wà tó ń jẹ́ orúkọ ìlú wọn, Malimbus ibadanensis. Elgood tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì Ìbàdàn nígbà náà ló kọ̀wé nípa ẹ̀ fáráyé lọ́dún 1958. Dúdú òun pupa ni, apá ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà nìkan ló wà lágbàáyé, ó sì wà lára àwọn tó lè parun. "Èyí tó wà lórí ọ̀pẹ yìí kọ́ o, Màmá. Àmọ́ ẹni tí kò bá dúró wò kó tó yọ àdá, báwo ló ṣe máa mọ ilé ẹni tí òun gé?"

Ìyá wo inú àwo náà títí. Ó ní abiyamọ lòun náà, òun á dúró dìgbà tí wọ́n bá kúrò, àmọ́ kẹ́nikẹ́ni má sọ pé kí òun fẹ́ràn ariwo wọn.

Ọmọ àdàbà méjèèjì jáde nínú ẹyin láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn kò sì tíì pé dáadáa tí wọ́n fi fò lọ. Alẹ́ ọjọ́ náà ni bàbá tó sọ ti igi ọsàn fún ọmọ ẹ̀. Ọmọ dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Dádì, ẹ ò mọ̀ nígbà yẹn ni."

Ẹ̀yin tí ẹ nígi lẹ́yìnkùlé, ẹ wo orí ẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó gé e. Bẹ́ ẹ bá ṣèèṣì bá ìtẹ́ pàdé, ẹ má dúró pẹ́, pàápàá lábẹ́ òjò tàbí oòrùn gangan. Bí ẹyẹ bá ń ké mọ́ yín, ẹ̀yin lẹ súnmọ́ ọn jù, ẹ tètè kúrò níbẹ̀. Ẹ dúró lókèèrè, onílé á dé.