Nígbà Tí Ojú Ẹmọ́ Ilé Bá Di Bàìbàì

Ẹmọ́ ilé, ìyẹn ẹranko kékeré tí kò ní ìrù tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní guinea pig, jẹ́ ọmọ bíbí òkè Andes ní Gúúsù Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń sìn ín láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn nítorí ẹran rẹ̀, tí wọ́n sì ń jẹ ẹ́ títí di òní ní Peru, Bolivia àti Ecuador. Láti ìgbà tí wọ́n ti kó o dé Yúróòpù ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni ipò rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà, tó kúrò ní ẹran ìkòkò tó di alábàágbé ọmọdé, àgàgà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn ìdílé Yorùbá tó fi ibẹ̀ ṣe ilé pàápàá ti ń bá àwọn ọmọ wọn sìn ín. Ọdún 5 sí 8 ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń lò láyé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan tó ń jẹ́ Snowball ní Nottinghamshire lé ní ọdún 14 kí ó tó kú ní 1979. Èyí já sí pé ẹranko tí wọ́n rà fún ọmọ ọdún 7 yóò ti di arúgbó nígbà tí ọmọ náà bá ń wọ ilé ẹ̀kọ́ girama, àti pé lásìkò tí ojú ẹranko náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, ojú ọmọ lè ti kúrò lára rẹ̀, kí ìtọ́jú rẹ̀ sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn àgbà ilé.

Oríṣiríṣi nǹkan ló lè ba ojú ẹmọ́ ilé arúgbó jẹ́. Èyí tí wọ́n sábà máa ń rí ni cataract, ìyẹn àìsàn tó ń mú kí awò inú ẹyinjú, tó yẹ kí ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, di funfun díẹ̀díẹ̀ títí tí ìmọ́lẹ̀ kò fi ní ráyè wọlé mọ́. Ọjọ́ orí lè fà á, àtọ̀gbẹ lè fà á, ó sì lè jẹ́ àjogúnbá. Ó tún máa ń ṣẹlẹ̀ pé kí egungun hù sínú ojú gan-an, ohun tó ṣàjèjì létí ṣùgbọ́n tí àwọn oníṣègùn ẹranko mọ̀ dáadáa. Iṣẹ́ abẹ wà fún cataract, àmọ́ oògùn oorun tí wọ́n gbọ́dọ̀ fún ẹranko kí abẹ tó kàn án léwu púpọ̀ fún arúgbó ẹ̀dá tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju kílò kan lọ, nítorí náà ọ̀pọ̀ ẹmọ́ ilé tí ojú wọn bá ti lọ ni yóò gbé bẹ́ẹ̀ títí ọjọ́ ayé wọn.

Àwọn kan gbà pé àánú tó yẹ kí ènìyàn ṣe fún ẹranko tí ojú rẹ̀ fọ́ ni pé kí wọ́n tètè gba ẹ̀mí rẹ̀. Èrò yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ní ti ẹmọ́ ilé, ó sì yẹ kí ẹni tó bá ń rò ó kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tí ojú ń ṣe fún ẹranko náà. Ẹ̀gbẹ́ orí ni ojú rẹ̀ méjèèjì wà, èyí tó jẹ́ kí ó lè rí nǹkan bí gbogbo àyíká rẹ̀ láìyí ọrùn, kí ẹranko apẹran má baà yọ sí i lójijì. Ṣùgbọ́n ìdí yìí kan náà ni kì í jẹ́ kí ó rí ohun tó wà ní ọ̀gangan imú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò lè fojú díwọ̀n bí nǹkan ti jìnnà sí i tó. Ewé tó wà lẹ́nu rẹ̀, imú, ètè àti irun gígùn tó yọ ní ẹ̀gbẹ́ imú ló fi ń wá a, kódà nígbà tí ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere. Etí rẹ̀ ń gbọ́ ìró tín-ínrín tí etí ènìyàn kò lè gbọ́, ó sì máa ń han gooro láti inú àgò nígbà tí ẹnikẹ́ni bá ṣí fíríìjì ní yàrá kejì, nítorí ó ti mọ̀ pé ibẹ̀ ni ewé ti ń wá. Ẹ̀ṣọ́ ni ojú jẹ́ fún un. Nínú ilé tí kò sí àṣá, tí kò sí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, ó lè pàdánù ẹ̀ṣọ́ yìí kí ó sì tún máa jẹ, kí ó máa mu, kí ó máa bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré, bí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ bá gba iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ náà ṣe.

Láti mọ̀ pé ojú ti ń lọ gan-an kò rọrùn. Ẹranko tí àwọn mìíràn ń pa jẹ kì í fi àìlera hàn, nítorí èyí tó bá tiro nínú agbo ni apẹran ń kọ́kọ́ dojú kọ, ẹmọ́ ilé sì ti kọ́ gbogbo inú àgò rẹ̀ sórí débi pé yóò máa rìn geerege láti ibi tó ń sùn dé ibi omi bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọjọ́ tí wọ́n bá gbé ìgò omi kúrò ní ààyè rẹ̀ ni àṣírí máa ń tú: ẹranko náà yóò lọ sí ibi tó ti mọ̀, yóò na ọrùn, yóò sì máa fi ahọ́n lá irin àgò lásán níbi tí ẹnu ìgò wà tẹ́lẹ̀.

Nítorí náà, iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ àkọ́kọ́ ni kí gbogbo nǹkan dúró síbi tó wà. Ìgò omi, àwo oúnjẹ, ibùsùn àti òkìtì koríko gbígbẹ kò gbọdọ̀ ṣí nípò. Àtẹ̀gùn tàbí pẹpẹ gíga gbọ́dọ̀ kúrò nínú àgò pátápátá, nítorí ẹranko tí kò mọ ibi tí ilẹ̀ ti parí lè já bọ́ kí ó sì fi ẹsẹ̀ tàbí eyín ṣèṣe. Ìmọ́tótó pàápàá gba ọgbọ́n. Òórùn ni ẹmọ́ ilé fi ń mọ̀ pé ilé òun nìyí, bí wọ́n bá sì fọ gbogbo aṣọ àgò lẹ́ẹ̀kan náà, ẹranko tí kò ríran yóò bá ara rẹ̀ ní ilẹ̀ àjèjì láìkúrò lójú kan, èyí ló fi dára kí wọ́n fi ẹyọ aṣọ kan tó ti lò sílẹ̀ láàárín àwọn tó mọ́. Ọwọ́ tó bá fẹ́ gbé e kò gbọdọ̀ ti òkè wá, nítorí òkè ni àṣá ti máa ń bọ̀, ara ẹmọ́ ilé kò sì tíì gbàgbé. Kí olùtọ́jú kọ́kọ́ pe orúkọ rẹ̀, kí ó gbé ọwọ́ sílẹ̀ níwájú imú rẹ̀ kí ẹranko náà lè gbóòórùn rẹ̀, kí ó tó wá ki ọwọ́ kan bọ abẹ́ àyà, kí ó fi èkejì gbé ìdí ró. Ẹranko tí wọ́n bá ń ṣe báyìí fún lójoojúmọ́ kì í jayà mọ́ nígbà tó bá gbọ́ ẹsẹ̀ ènìyàn.

Oúnjẹ kò yí padà nítorí ojú. Koríko gbígbẹ ló gbọ́dọ̀ pọ̀ jù, torí eyín ẹranko yìí kì í ṣíwọ́ híhù, jíjẹ koríko ló sì ń gé e kúrú. Bíi ti ènìyàn, ara ẹmọ́ ilé kò lè ṣe fítámì C fúnra rẹ̀, ohun tí iṣẹ́ Axel Holst àti Theodor Frølich ní Norway fi hàn ní 1907, nígbà tí àwọn ẹmọ́ ilé tí wọ́n ń fi ọkà bọ́ kó àrùn scurvy, ìyẹn àrùn tó ń mú kí èrìgì ṣẹ̀jẹ̀, tí oríkèé sì ń dunni. Nǹkan bíi mílígíráàmù 10 sí 30 fún kílò ara kan ni ó nílò lóòjọ́. Tàtàṣé tútù dára fún èyí ju kí wọ́n da fítámì sínú omi lọ, nítorí kì í pẹ́ bàjẹ́ nínú omi. Bí kò bá ríran, kí wọ́n máa fi ègé tàtàṣé náà kàn án létè dípò kí wọ́n jù ú sílẹ̀. Òṣùwọ̀n ilé ìdáná tó ń ka gíráàmù sì di dandan. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n kọ iye náà sílẹ̀, nítorí ìwọ̀n ara tó ń lọ sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí ẹranko tó ń fi ìrora pamọ́ kò lè fi pamọ́.

Ojú tí kò ríran mọ́ ṣì ń fẹ́ àmójútó, nítorí ẹranko tí kò rí koríko tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán kò lè tètè di ojú, igi koríko sì lè gún awọ fẹ́lẹ́ tó bo iwájú ẹyinjú. Omi funfun bíi wàrà tó máa ń yọ lójú ẹmọ́ ilé, tó fi ọwọ́ méjèèjì nu kárí ojú, kì í ṣe àìsàn. Bó ṣe ń fọ ojú nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ojú kan bá wú, tó ń dì pa, tàbí tí kùrukùru bò ó láàárín ọjọ́ kan, ilé oníṣègùn ló kàn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń kán oògùn aláwọ̀ ọsàn kan, fluorescein, sí i, tí wọ́n á tan iná búlúù sí i, tí ojú ọgbẹ́ yóò sì máa dán bí àwọ̀ ewé. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ kán oògùn ojú ènìyàn tó ṣẹ́ kù nílé sí i, nítorí èyí tí sítẹ́rọ́ìdì wà nínú rẹ̀ lè sọ ọgbẹ́ kékeré di ihò. Bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn ẹbí penicillin, bó bá gba ọ̀nà ọ̀fun wọlé, lè pa á, nítorí yóò pa àwọn kòkòrò tín-tìn-tín inú ìfun tó ń bá a da oúnjẹ.

Bí ọjọ́ bá dé tí kò jẹun mọ́, tí ara ń ro ó tí oògùn kò ràn án, nígbà náà ni ọ̀rọ̀ ikú wọ́ọ́rọ́wọ́ lọ́wọ́ oníṣègùn tó dé ilẹ̀. Ojú tó fọ́ nìkan kì í ṣe ìdí. Ohun tó ń ba ayé ẹmọ́ ilé afọ́jú jẹ́ ju òkùnkùn lọ ni ìdánìkanwà. Ẹranko ẹlẹ́gbẹ́ ni, ìró ẹsẹ̀ àti kíkùn ẹnìkejì ló ń tọ̀ lẹ́yìn, òfin ààbò ẹranko tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Switzerland ní 2008 sì kọ̀ kí wọ́n máa dá a sìn lóun nìkan. Bí ẹnìkejì bá kú, àwọn kan wà ní orílẹ̀-èdè náà tó ń yá ènìyàn ní ẹmọ́ ilé mìíràn, tó máa bá arúgbó náà gbé títí arúgbó náà yóò fi kú, tí wọ́n á sì dá èyí tí wọ́n yá padà. Níbi tí irú ètò bẹ́ẹ̀ kò bá sí, kí wọ́n wá onísùúrù tí òun náà ti dàgbà, kí wọ́n sì kọ́kọ́ pààrọ̀ aṣọ ibùsùn àwọn méjèèjì fún ọjọ́ mélòó kan, kí afọ́jú lè mọ òórùn àlejò kí àlejò tó wọlé.