Máṣíìnì Tó Dàgbà Ju Màmá Mi Lọ

Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ máṣíìnì kan fún yín. 🧵

Máṣíìnì ìránṣọ Singer kan wà nílé wa, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ yí, dúdú, tí wọ́n fi àwọ̀ góòlù ya òdòdó sí lára. Ìyá màmá mi ló kọ́kọ́ ń lò ó. Kí wọ́n tó bí màmá mi ló ti wà nílé.

Nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀, lẹ́tà E ló fi bẹ̀rẹ̀. Mo wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì: Clydebank, ní Scotland, ni wọ́n ti ṣe é. Ọdún 1885 ni wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ yẹn, wọ́n tì í pa ní 1980. Ẹ gbọ́ o: ilé iṣẹ́ tó bí i ti kú, ọmọ ṣì ń ránṣọ n'Íbàdàn.

Irin ni lóòótọ́, àmọ́ ṣebí irin náà ń dípẹtà? Ohun tó gbà á là ni pé kò sí ohun tó wà nínú rẹ̀ tí èèyàn ò lè tú kó sì tún ṣe. Màmá mi máa ń ro òróró sáwọn ihò kéékèèké orí rẹ̀, wọ́n á gbá èérún òwú kúrò lábẹ́ abẹ́rẹ́. Rọ́bà ibi tí wọ́n ti ń ká òwú gbó, wọ́n pààrọ̀ ẹ̀. Ó parí.

Aṣọ ló ń rán, àmọ́ èmi náà ló rán lọ sí yunifásítì.

Lóṣù tó kọjá, ẹnì kan ní òun fẹ́ rà á. Kì í ṣe pé ó fẹ́ fi ránṣọ o. Ó fẹ́ gbé e sójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù, kó fi ṣẹ̀ṣọ́. Owó tó pè pọ̀, owó ilé wa sì ti tó san. Màmá mi ò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Wọ́n bi mí pé, "Ta ló máa lò ó?"

Mo ro bí yóò ṣe jókòó síbẹ̀, tẹ́nikẹ́ni ò ní ro òróró sí i mọ́. Mo ní kí wọ́n fún mi lóṣù mẹ́ta.

Ní báyìí, èmi ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́, màmá ń kọ́ mi. Mo rán àpò ìrọ̀rí kan, ó wọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní kí n tú u. Owó ilé ṣì wà lọ́rùn wa o, à ń wá a.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ló wà nílé yín tó dàgbà jù yín lọ, tó ṣì ń ṣiṣẹ́? Ta ló ń tọ́jú ẹ̀?